Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Nọ́ọ̀sì Kíníìkì Aboyún ní Òṣogbo: Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Kún Orin Yín

Ẹ̀yin àǹtí nọ́ọ̀sì wa, ẹ̀yin mátíróònù, ẹ̀yin agbẹ̀bí gbogbo tí ẹ wà ní kíníìkì aboyún káàkiri Òṣogbo, láti Òkè-Fíà títí dé Òkè-Báálẹ̀, láti Alẹkúwodò dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà wa. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́wọ́ yín, bóyá inú kọrọ́pẹ̀ lẹ ti máa ka lẹ́tà yìí lórí fóònù, torí náà ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Kì í ṣe èyí tó ń dì lójú ọgbẹ́ o, ìyẹn dáa, òun ni kì í jẹ́ kéèyàn ṣẹ̀jẹ̀ kú. Èyí tó ń dì nínú iṣan lọ́hùn-ún ni mò ń sọ, pàápàá iṣan ńlá tó fara pamọ́ sínú ẹran ẹsẹ̀ àti itan, tó bá wá já kúrò níbẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, ọkàn á tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró, á lọ dí ọ̀nà ibẹ̀, ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Ẹ̀yin ń pe ti ẹsẹ̀ ní DVT, ẹ ń pe ti ẹ̀dọ̀fóró ní PE. Àwa ò ní orúkọ fún un, a kàn máa ń gbọ́ pé lágbájá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó dìde láti lọ wẹ̀, ó ṣubú, ó kú, ayé ló ṣe é.

Gbogbo ẹni tó ti lóyún rí ní Òṣogbo ló mọ̀ pé orin la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kíníìkì. Kẹ́ ẹ tó wọn BP wa, kẹ́ ẹ tó ní ká lọ tọ̀ sínú ike, orin ti ń lọ, àtẹ́wọ́ ti ń lọ, àwọn kan ti ń fi oyún oṣù mẹ́jọ jó. Ẹ kọrin ọmú ìyá fún wa, ẹ kọrin ẹ̀wà àti ẹyin àti ẹ̀fọ́, ẹ kọ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ kọ ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ kọ ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí débi tí ọkọ ẹlòmíì tó tẹ̀ lé e wá á fi tijú bọ́ síta. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àwọn orin yẹn ṣì ń wá sí mi lẹ́nu tí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí gómìnà tàbí kọmíṣọ́nnà, torí ohun tẹ́ ẹ bá fi orin kọ́ obìnrin Òṣogbo, kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́, á tún fi kọ́ ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo orin yẹn mi ò gbọ́ ẹyọ kan tó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ẹsẹ̀ kún un.

Ó lè ṣe ọkùnrin náà o. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ ní ìbàdí tàbí orúnkún, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, akọ ni o, abo ni o, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lára. Àmọ́ àwa obìnrin ní àwọn ìgbà kan láyé wa tí ewu yìí máa ń ga sókè, tí ọkùnrin ò ní irú ẹ̀, gbogbo ìgbà yẹn pátá ló sì jẹ́ pé ọwọ́ yín la máa ń wà tàbí ká máa kọjá níwájú yín.

Dókítà ará Jámánì kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Rudolf Virchow, títí dòní orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ohun mẹ́ta tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan: kí ẹ̀jẹ̀ má rìn dáadáa mọ́, kí ara iṣan fúnra ẹ̀ fara pa, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì ti yára àtidì ju bó ṣe yẹ lọ. Oyún ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí oyún bá ti dúró, ara ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọjọ́ ìbímọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á túbọ̀ yá láti dì, kó má baà jẹ́ pé tí ibi ọmọ bá já, gbogbo ẹ̀jẹ̀ á ṣàn tán. Ọgbọ́n Ọlọ́run nìyẹn, mi ò bá a jà. Àmọ́ ilé ọmọ náà ń tóbi, ó ń tẹ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa rọra wọ́ bí omi gọ́tà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ ìbí fúnra ẹ̀ iṣan á tún fara pa, tó bá wá jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ó tún lé sí i. Ẹsẹ̀ òsì ló sì máa ń kó sí jù nínú oyún, torí pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ òsì kọjá, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilé ọmọ á tún wá gorí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi iye sí i, káwọn kan má baà ní mo kàn ń dẹ́rù ba aboyún ni. Iye tí FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé síta rèé, tá a bá ṣírò gbogbo ẹ̀ sí ọdún kan: nínú obìnrin 10,000 tí ò lóyún tí ò sì lo oògùn ìfètò kankan, ẹni 1 sí 5 lẹ̀jẹ̀ máa dì sí lára. Àwọn tó ń lo oògùn ìfètò oníhóró tó ní ẹ́sítírójìn nínú, ìyẹn èròjà kan tó wà lára obìnrin, 3 sí 9. Aboyún, 5 sí 20. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, 40 sí 65.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yìn ìbímọ ló ti le jù, inú oyún ò tó o, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sì burú jù nínú ẹ̀yìn ìbímọ yẹn. Ìgbà yẹn gan-an lẹ ti dá wa sílẹ̀ lọ́sibítù, tẹ́ ẹ ní ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àlàfo àárín méjèèjì yìí, ọwọ́ ìyá ọkọ àti ìyá tó bí wa la wà, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ àwọn yẹn ní nǹkan kan.

Mo fẹ́ràn àwọn ìyá wa o. Ta ni ì bá wẹ ọmọ fún mi, ta ni ì bá jí lóru? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tí ẹsẹ̀ obìnrin bá wú: ó ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Ìyàwó ilé kan wà ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ dáa, ojú abẹ jinná. Nígbà tó yá ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ wú, ọ̀tún ò wú. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ṣe é, ta ló lè mọ gbogbo ẹni tó wá jẹun lọ́jọ́ yẹn, ni wọ́n bá pe bàbá kan tó sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹ̀ yíká, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n ń fi àdí wọ́ ọ, ó ń pariwo, wọ́n ní kó fara dà á, oògùn ọ̀hún ló ń jáde. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, tó bá mí sínú àyà á gún un bí ìgbà tí wọ́n kó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọkọ ẹ̀ ló fi agídí gbé e jáde. Ó yè, ọmọ ẹ̀ ti ń sáré kiri báyìí. Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó ń tẹ oògùn o, èmi náà ọmọ Yorùbá ni, ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọsibítù ná, tí sikáàni bá ní ẹ̀jẹ̀ ò dì, kí wọ́n wá máa wá ẹni tó da oògùn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dì sí kò ṣeé wọ́, wíwọ́ yẹn lè já a kúrò níbi tó wà, gbẹ́rẹ́ ò sì débẹ̀ rárá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹnu yín tẹ̀ mọ́ wa létí. Aboyún tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú nírọ̀lẹ́, tó sì ń lọ sílẹ̀ tó bá sùn, ìyẹn wọ́pọ̀ (ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wo BP ẹ̀ o). Ẹsẹ̀ kan tó wú tí ìkejì ò wú ni ká sá fún. Kó máa dùn lẹ́yìn ojúgun tàbí nínú itan, kó dùn sí i tó bá tẹ ilẹ̀, kí ibẹ̀ gbóná ju ibi yòókù lọ. Ìwé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé ibẹ̀ á pọ́n, ara tiwa dúdú, tí obìnrin bá ń retí kí ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ́n ó máa retí ẹ̀ pẹ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi wé ìkejì. Aránṣọ ni mí, téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn dókítà náà máa ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ní ọgbọọgba ibi kan náà lábẹ́ orúnkún, tí wọ́n sì máa ń ka ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 3 sí nǹkan gidi, inú mi dùn, torí ta ni ò ní téèpù nílé tàbí nílé kejì? Kò túmọ̀ sí pé tí ò bá tó 3 kí èèyàn lọ sùn o. Nínú oyún pàápàá ẹ̀jẹ̀ lè dì sókè, ní ìsàlẹ̀ ikùn, kí ojúgun má wú rárá, kó jẹ́ itan tàbí ìdí tàbí ẹ̀yìn ló máa dun obìnrin ọ̀hún.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ò ní dúró dè wá: èémí tó gé lójijì, àyà tó ń gún èèyàn tó bá mí sínú, ọkàn tó ń sáré láìsí pé èèyàn ṣiṣẹ́, òòyì, ikọ́ tó mú ẹ̀jẹ̀ dání. Ìyẹn ò sí fún ìpàdé ẹbí. Orí fífọ́ líle tí kò lọ lẹ́yìn ìbímọ náà, pẹ̀lú ojú tó ń ṣú tàbí gìrì, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ọpọlọ, ẹ ti ń kọ́ wa ní orí fífọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kàn fi èyí lé e.

Mo tiẹ̀ ti gbìyànjú orin kan, ohùn ẹ̀ kù sọ́wọ́ yín:

Ẹsẹ̀ kan wú, ìkejì ò wú,
Ẹ má wọ́ ọ o, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́;
Èémí ń gé mi, àyà ń gún mi,
Ẹ gbé mi dé ọsibítù kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ lè tún un ṣe, mi ò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kàn. Ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún, ewu tiẹ̀ ju ti ẹni tó bí fúnra ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, tó bá sì jẹ́ abẹ pàjáwìrì ó tún ju èyí tí wọ́n ti mú ọjọ́ sí tẹ́lẹ̀. Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń yọ wá lẹ́nu pé ká dìde, ká rìn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tẹ́ ẹ ti dúró lórí èèyàn. Ẹ ṣeun, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ẹ kì í sọ ìdí ẹ̀! Ìyá tó jókòó tì wá níbẹ̀ á máa wò yín bí òǹrorò, á ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn ẹ̀ lẹ ní kó máa rìn, bẹ́ ẹ bá ti yí ẹ̀yìn báyìí á ní padà dùbúlẹ̀ ọmọ mi, má dá wọn lóhùn. Tá a bá wá délé ńkọ́? Ìtọ́jú ni wọ́n ń pè é, pé kí ìyá ìkókó má ta pútú, oúnjẹ á bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ á bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọjọ́ kẹjọ kó tó rìn dé yàrá àlejò, níbẹ̀ náà á tún jókòó gbọọrọ nínú aṣọ òkè. Ẹ pe ìyá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un pé, mọ̀ńmọ́, ìrìn yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò ní gbà yín. Ìyá tó bá mọ ìdí nǹkan, òun gan-an ló máa wá di nọ́ọ̀sì nílé, á máa lé e dìde.

Àwọn kan wà tí wọn ò yẹ kí wọ́n kàn wà lórí ìlà bíi tàwa yòókù, ìbéèrè díẹ̀ lẹ ó sì fi dá wọn mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá gba káàdì. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ọ lára rí, tàbí sí ìyá ẹ, tàbí ọmọ ìyá ẹ? Ẹni tó bá ti ní i rí, ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló máa gbà jálẹ̀ oyún. Ṣé oyún ti ń wálẹ̀ lára ẹ léraléra? Àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń fa ìyẹn, òun náà ló tún ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí obìnrin á sì máa ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Ọdún tó ti kọjá 35, ara tó tóbi gan-an, èébì oyún tó le débi pé omi tán lára, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, kí ìyá ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbí, kí àìsàn kòkòrò wọ ibi tó bí sí, gbogbo ìwọ̀nyí ń gbé ewu sókè, tí méjì tàbí mẹ́ta bá sì pàdé lára ẹnì kan, ó di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìbejì náà wà níbẹ̀ o, ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbejì pọ̀ sí jù láyé, à ń jó à ń yọ̀, à ń se ẹ̀wà, kò séni tó sọ fún ìyá ìbejì pé tiẹ̀ ju ti ọlọ́mọ kan lọ.

Mo fi jẹ́nótáìpù sílẹ̀ lọ́tọ̀ torí tiwa gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé òyìnbó, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ àbùdá kan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ yára dì, tó ń jẹ́ Factor V Leiden, ìyẹn ò wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Èyí tó wà lára wa ni SS, tí àwọn àgbà ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS yá láti dì, oyún wá gun orí ẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì ń gbé AS, àwọn yẹn náà, ara wọn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé ewu ti ẹ̀dọ̀fóró ju ti ẹni tó jẹ́ AA lọ díẹ̀ lára wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa dẹ́rù ba AS, ẹ ṣáà kọ ọ́ sára káàdì kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín rí i.

Ó wá ku ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ rọra, torí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé oògùn ìfètò lè mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó ti rí àwáwí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn iye òkè yẹn: oògùn oníhóró, 3 sí 9, ìbímọ fúnra ẹ̀, 40 sí 65. Ẹni tó bá sá fún oògùn tó wá lóyún tí kò múra ẹ̀, ó ti inú òjò bọ́ sódò. Èyí tó ní ẹ́sítírójìn nínú nìkan ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn jù, oṣù àkọ́kọ́ títí dé ọdún kan tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló sì ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń fi sí apá, èyí tí wọ́n ń fi sí inú ilé ọmọ, yálà oníkọ́pà tàbí olóògùn, wọn ò gbé ewu yìí sókè ní ti gidi. Torí náà ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì rí, tàbí tó jẹ́ SS, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ fún un ní òmíràn, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé púpọ̀ wa kì í gba ti ọwọ́ yín. Kẹ́míìsì ni. Wàá nawọ́ owó, wọ́n á nawọ́ oògùn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín yín, wọn ò bi ọ́ lọ́jọ́ orí, wọn ò bi ọ́ pé ìgbà wo lo bímọ. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà náà ńkọ́, tí wọ́n máa ń lo oògùn láti dá nǹkan oṣù dúró kí wọ́n lè ṣe ìjọsìn wọn pé? Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà náà ń ṣe é kí nǹkan oṣù má baà bá wọn lọ́jọ́ ìyàwó. Norethisterone ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí wọ́n bá ń gbé e mì ní ìwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀, apá kan lára ẹ̀ máa ń yí padà di ẹ́sítírójìn nínú ara, wọ́n á tún wá jókòó sínú pléènì fún wákàtí gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ò ní rí aburú kankan, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni ó bi í? Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn oníkẹ́míìsì àdúgbò yín. Tí ìpàdé kan bá lè kò yín pọ̀ pẹ̀lú wọn, ìbéèrè díẹ̀ péré lẹ máa kọ́ wọn.

Àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, oògùn oníhóró tí wọ́n fi ń dín ooru ara kù lè gbé e sókè, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kò rí bẹ́ẹ̀. Tamoxifen tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ọmú náà wà níbẹ̀. Fáíbúrọ́ìdì tó bá tóbi gan-an lè tẹ iṣan bí oyún ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí, dókítà wọn ni kí wọ́n bi.

Ìjókòó pẹ́ ńkọ́? Èmi tí mò ń rán aṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn tó ń jókòó ti ọjà ní Ìgbọ̀nà àti Orísunbáre, ẹsẹ̀ wa ń sùn lọ́nà kan ṣá. Ìjókòó nìkan kì í sábà dá a ṣe, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bá èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ pàdé. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé ìrìn àjò tó bá tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, téèyàn jókòó sójú kan, ó ń sọ ewu yìí di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Òṣogbo sí Èkó, tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ bá wọ̀ ọ́, ti ju wákàtí 4 lọ, Àbújá kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìyá ìkókó tí wọ́n fẹ́ kó lọ fi ọmọ han bàbá àgbà ní Àbújá, ẹ sọ fún un pé kó dúró ná, tí kò bá sì lè dúró, kó máa mu omi, kí ọkọ̀ dúró, kó sọ̀ kalẹ̀ kó rìn, tó bá jókòó kó máa gbé ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè sódò.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó gbóògùn, torí ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí àwọn kan wá. Sikáàni tí wọ́n ń fi wo iṣan ẹsẹ̀ kì í dunni. Abẹ́rẹ́ hẹ́párìn tí wọ́n ń gún sí awọ ikùn kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ inú, òun ni wọ́n fi ń wo aboyún. Warfarin, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lè pa ọmọ inú lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bímọ lè lò ó kó sì máa fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó bá ń lo warfarin kó má dá àgbo ìfọ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn o, àgbo lè mú kó lágbára jù tàbí kó ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Ẹ̀fọ́ ò di èèwọ̀, kó ṣáà máa jẹ bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí kò fẹnu kàn án, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó jẹ odindi ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò. Oògùn yìí máa ń tó oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ti fà kéèyàn jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ máa ra aspirin jẹ nílé nítorí ohun tí mo kọ yìí, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn.

Ohun tí mò ń tọrọ nìyí. Kí orin ẹsẹ̀ wọ inú orin kíníìkì. Kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè wọ̀nyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún un béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń dá ìyá sílẹ̀, torí ẹni tí kò sí nínú ewu nígbà tó gba káàdì lè ti wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ ìdásílẹ̀ yẹn náà, kẹ́ ẹ pe ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ nílé, ìyá ni o, ọkọ ni o, kẹ́ ẹ sọ ọ́ létí ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà kan tí wọ́n lè pè sẹ́yìn káàdì, kì í ṣe nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó ń gbé e.

Ọjọ́ 13 oṣù October ni wọ́n bí Virchow ní ọdún 1821, láti ọdún 2014 sì ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lágbàáyé. Tó bá wù yín láti fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ránṣẹ́ sí àwa aránṣọ. Téèpù ò wọ́n wa, a ó kó o wá, a ó sì dúró kọ́ àwọn aboyún bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tó lọ ilé.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, aránṣọ, Òkè-Fíà, Òṣogbo.